Ẹrù Tí Àṣàkẹ́ Gbà Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀

Ilé ẹrù Gàfárù kò ní pátákó lójú. Ẹni tó bá ti Bẹẹrẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Oríta-mẹ́rin, tó wá yà sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, yóò rí i lápá ọ̀tún: yàrá ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá Gàfárù ló kọ́ ọ. Láti ayé bàbá náà ni oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò bá tà tán, tí kò sì fẹ́ rù ú padà sí Èrúwà tàbí Ìṣẹ́yìn, ti ń kó o síbẹ̀ títí ọjọ́ ọjà mìíràn yóò fi pé.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àkísà ló ń ṣọ́ ẹrù. Bí ẹrù bá dé, Gàfárù á mú aṣọ àlòkù kan, á fi eyín ge etí rẹ̀, á sì fà á ya sí méjì. Á so apá kan mọ́ ẹnu àpò, á fún ẹlẹ́rù ní apá kejì. Lọ́jọ́ tí ẹlẹ́rù bá padà dé, wọ́n á gbé etí aṣọ méjèèjì pàdé ara wọn. Aṣọ méjì kì í ya bákan náà láéláé. Bí ibi tó ti ya bá ṣe rẹ́gí, ẹrù á jáde. Bí kò bá ṣe rẹ́gí, ìbáà ṣe àbúrò Gàfárù fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù kò ní kúrò nílẹ̀.

Òfin méjì ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Èkíní ni pé wọn kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. Àmánà ni ohun tí wọ́n bá ní kéèyàn bá wọn tọ́jú, Ọlọ́run sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹrù bí Gàfárù kò bá sí nílé.

“Inú àpò kọ́ là ń wò,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, “ojú ẹni tó gbé e wá là ń wò. Ẹni tí kò bá mọ ojú wò, kó lọ máa ta iyọ̀.”

Òfin kejì yìí ni Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, rú.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì ni Àṣàkẹ́. Nígbà tí Gàfárù fẹ́ ẹ, ó tẹ́ ìsọ̀ okùn sí iwájú ilé ẹrù. Okùn àti àpò òfìfo ló ń tà fún àwọn tó wá di ẹrù. Ọdún méjìlélógún ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ya aṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Zulaihat, ti lọ́kọ sí Ṣakí. Àṣàkẹ́ mọ gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé ẹrù ju bó ṣe mọ aṣọ inú àpótí ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀kan rí. Ó máa ń wù ú. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kí ló wà nínú àkísà yíya tí àgbàlagbà yóò máa wò pẹ̀lú ìfẹ́?

Lọ́dún kejì lẹ́yìn kòrónà, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Gàfárù lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba. Ọ̀kadà kan dúró níwájú ìsọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò kan lé èjìká, òógùn bò ó lójú.

“Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ewúro gbígbẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ín, wọ́n á wá gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Bàbá ò sí nílé. Wọ́n ń bọ̀ láti kírun.”

“Háà, Ìyá, ọlọ́kadà ò ní dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ojú ẹ̀yin náà jọ ojú ìyá mi.”

Àṣàkẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ mọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku tòun ti àpò lọ́rùn. Ó ní kó gbé e wọlé. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé e ti ògiri. Àṣàkẹ́ wá mú kọ́tìnì àtijọ́ kan tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó fi eyín ge e létí, ó fà á. Ó ya, ó dún wọ̀ọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó so apá kan mọ́ ẹnu àpò, ó fún ọmọkùnrin náà ní apá kejì.

Nígbà tí Gàfárù dé, kò pẹ́ tó fi rí aṣọ búlúù náà láàárín àwọn yòókù.

“Ta ló ya èyí?”

“Èmi ni. Ewúro gbígbẹ ni, Bàbá Zulaihat. Ọlọ́kadà ń kánjú.”

“Ojú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ojú ọmọlúàbí ni.”

Ó rìn lọ síbi àpò, ó fọwọ́ kan okùn ẹnu rẹ̀. Àṣàkẹ́ rò pé yóò tú u. Bó bá tú u lọ́jọ́ náà, ì bá ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò nínú ilé náà, ó sì ti ń pa òfin yẹn mọ́ kó tó mọ Àṣàkẹ́ rárá. Ó yọwọ́ kúrò. “Ó dáa,” ló wí, ó sì jáde lọ jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá mẹ́ta wọlé. Ẹnìkan ti ta wọ́n lólobó. Kọ́púrà kan tí àwọn yòókù ń pè ní Afeez ló ṣáájú wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ ta àpò kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ti ìdí ògiri. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn ẹnu rẹ̀. Aṣọ búlúù jábọ́ sílẹ̀. Òórùn igbó tí àwọn ọmọ ìta ń mu sì gba inú yàrá náà kan.

“Ta ló gba àpò yìí wọlé?”

Àṣàkẹ́ la ẹnu. Kí ohùn tó jáde, Gàfárù ti wà níwájú rẹ̀.

“Ẹrù tó bá wà nínú ilé yìí,” ló wí, “ọrùn mi ló wà.”

Wọ́n de ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé àpò lọ. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa aṣọ búlúù nílẹ̀, ó wé e mọ́ etí ìró.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn ti dé Mapo, ó ti dé Bẹ́yẹrúnkà. Ìyá Misbaudeen, tó ń ta ata gbígbẹ ní òdìkejì ọ̀nà, ló kọ́kọ́ wá gbé ẹrù rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Àṣàkẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́.

“Gbé àpò ata mi fún mi o. N ò fẹ́ kó lọ máa rùn bí sìgá mọ́ àwọn oníbàárà mi lára. Ilé ẹrù ti di ilé igbó!”

“Mú aṣọ rẹ wá,” ni Àṣàkẹ́ wí.

“Aṣọ kẹ̀? Kí lò ń fi aṣọ ṣe? Ṣé o ò mọ̀ mí ni?”

“Mo mọ̀ ọ́. Mú aṣọ rẹ wá.”

Ìyá Misbaudeen pòṣé, ó lọ mú un. Àṣàkẹ́ gbé e pàdé ti ẹnu àpò, ó wò ó dáadáa, ó ní kó máa lọ. Báyìí ló ṣe fún gbogbo wọn. Wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ gba omi. Wọn kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dá wọn lóhùn. Nígbà tó fi máa di ìrun Mọ̀gàríbì, ilé ẹrù ti ṣófo, eruku ìdí àpò nìkan ló kù nílẹ̀.

Ó lọ sí tésàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti sọ òtítọ́. Wọ́n jẹ́ kó rí Gàfárù fún ìgbà díẹ̀. Ó ti tẹ ìka sí ìwé kan tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ; wọ́n sọ fún un pé ìwé béèlì ni. Àṣàkẹ́ sọ ohun tó bá wá.

“Lọ sílé,” ni Gàfárù wí.

“Èmi ni mo gbà á.”

“Nínú ilé ta lo ti gbà á? Àṣàkẹ́, bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn ò ní tú mi sílẹ̀ nítorí ẹ. A ó di méjì níbí ni. Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn? Bí ẹlẹ́rù kan bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tó bá ilẹ̀kùn ní títì, kí la ó sọ fún un?”

“Kò sí ẹrù kankan níbẹ̀ mọ́, Bàbá Zulaihat.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àṣàkẹ́ rí omi lójú ọkọ rẹ̀. Ó sì lọ sílé gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Ọdún kan gbáko ni ẹjọ́ náà fi wà ní kóòtù. Lọ́yà àgbà kan, Akínwùmí, ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí àwọn olùpẹ̀jọ́ mú ẹlẹ́rìí wọn wá, ẹni tó bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí kì í ṣe kọ́púrà. Wọ́n ti gbé kọ́púrà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Sájẹ́ẹ̀ntì kan ló wá, ó ga, irunmú rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó há a sórí: pé ìdí ògiri ni wọ́n ti rí àpò, pé nígbà tí wọ́n bi olùjẹ́jọ́, ó ní òun lòun ni ín, pé olùjẹ́jọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ka sí ìwé. Akọ̀wé kóòtù ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Lọ́yà Akínwùmí kò tako ìkankan nínú rẹ̀.

Àṣàkẹ́ jókòó lẹ́yìn, ó ń wo ojú sájẹ́ẹ̀ntì náà. Kò rí ojú yẹn rí. Ó wò ó títí, ó ṣa gbogbo ojú tó ti wọ ilé ẹrù lọ́jọ́ Ajé ọjọ́sí, kò bá a níbẹ̀. Nígbà tí kóòtù gba ìsinmi díẹ̀, ó lọ bá lọ́yà lọ́dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ bá mi bi í léèrè aṣọ, sà.”

“Aṣọ wo?”

“Èyí tó wà lẹ́nu àpò. Kó sọ àwọ̀ rẹ̀.”

Lọ́yà Akínwùmí rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹjọ́ igbó la wá ṣe, àkísà lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.”

“Ẹni tó bá wọ ilé ẹrù wa, tí kò rí aṣọ lẹ́nu àpò, kò wọ ibẹ̀ ni, sà. Ẹ dákun. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín nìyẹn.”

Nígbà tí kóòtù padà jókòó, ó bi sájẹ́ẹ̀ntì. Kó lè tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn ló ṣe bi í, ó sì fi ṣe ìbéèrè ìkẹyìn. Sájẹ́ẹ̀ntì tó ti ń dáhùn wàràwàrà dúró jẹ́ẹ́. Ó wo òkè, ó wo olùpẹ̀jọ́.

“N kò lè sọ, Olúwa mi. Èmi kọ́ ni mo wọ ilé náà. Kọ́púrà ló wọlé, òun ló wá ròyìn fún mi ní tésàn.”

Lọ́yà Akínwùmí dúpẹ́, ó jókòó. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ ń lọ.

Nígbà tó kan Gàfárù láti sọ tẹnu rẹ̀, ó kọ̀ láti bọ́ sínú àpótí. Lọ́yà bẹ̀ ẹ́ títí. “Wọ́n á ní kí n di Kùránì mú,” ni Gàfárù wí, “wọ́n á sì bi mí pé ta ló gbà á. Ohun méjèèjì yẹn ò lè wà lẹ́nu mi pọ̀.” Ó dákẹ́. Adájọ́ ní ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kì í dákẹ́, pé ẹ̀rí ọlọ́pàá dúró ṣinṣin, kò sì sí ẹni tó já a. Ó rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje.

Àgodi ni wọ́n gbé e lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì-kejì ni Àṣàkẹ́ ń lọ wò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ yòókù, ó ń ṣí ilé ẹrù, ó ń gbá a, ó ń jókòó sídìí okùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹrù wá. Àwọn tó ń kọjá a máa kí i, wọ́n á sì yára ẹsẹ̀. Ìyá Misbaudeen ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ láti òdìkejì: “Àṣàkẹ́, kí lò ń ṣọ́? Ṣé eku ló gbé ẹrù wá ni?” Àṣàkẹ́ á máa gbálẹ̀ lọ. Aṣọ búlúù wà ní etí ìró rẹ̀. Bó bá ń fọ ìró, á tú u, á tún un wé mọ́ òmíràn.

Ìmáámù àdúgbò ló júwe Ìkẹ́olúwa, lọ́yà obìnrin kan, fún un. Ọmọ tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ní ọ́fíìsì kékeré lórí ilé alájà kan nítòsí Mapo. Ó ní àwọn yóò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ẹ̀dà ìwé ìgbẹ́jọ́ náà lódidi, gbogbo ohun tí adájọ́ kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Gbígba ìwé náà nìkan gba oṣù márùn-ún. Nígbà tó dé, ó nípọn bí búrẹ́dì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́yà náà pe Àṣàkẹ́ lórí fóònù pé kó máa bọ̀.

“Ìyá, ẹ jókòó. Ta ló ní kí wọ́n bi sájẹ́ẹ̀ntì léèrè aṣọ?”

“Èmi ni, mà. Ṣé ó ba ẹjọ́ jẹ́ ni?”

“Ó ba ẹjọ́ jẹ́? Ìyá, òun nìkan ló wà lára gbogbo ìwé yìí tó jẹ́ tiwa.” Ó yí ìwé náà sí i, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè kà á, ó fi ìka lé ìlà kan. “Ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ, ẹlòmíràn ló sọ fún un. Ẹ̀rí àgbọ́sọ ni. Ẹni tó rí i kò wá sí kóòtù, ẹni tó wá sí kóòtù kò rí i. Òfin ò gbà á. Ìwé tí Bàbá tẹ̀ka sí náà, kọ́púrà ló kọ ọ́, òun ló sì túmọ̀ èdè òyìnbó rẹ̀ fún Bàbá. Kò wá kí a bi í.”

“Lọ́yà wa ò takò ó nígbà yẹn.”

“Kò ní láti takò ó. Ohun tí òfin bá ti lé jáde, àìtakò kì í gbé e wọlé.”

Àṣàkẹ́ tú etí ìró rẹ̀, ó gbé aṣọ búlúù lé orí tábìlì.

“Lọ́yà mi, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ lọ́rùn mi. Èmi ni mo...”

Ìkẹ́olúwa gbé ọwọ́ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ dá ọmọ tó ń sáré dúró.

“Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí fún yín. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ò ní pe ẹlẹ́rìí tuntun. Ìwé yìí ni wọ́n á kà. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, lójú wọn, kò ṣẹlẹ̀.”

“Ó ṣẹlẹ̀, mà.”

“Mo gbọ́ yín.” Lọ́yà náà wo aṣọ, kò fọwọ́ kàn án. “Ẹ tọ́jú rẹ̀. Èmi kọ́ ni ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún.”

Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìdájọ́, Àṣàkẹ́ ti kírun Àsùbá tán kó tó wọ ọkọ̀ máíkírà lọ sí kóòtù. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Èyí tó wà láàárín ló ka ìwé náà, èdè òyìnbó ni, ó sì gùn. Àṣàkẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Gàfárù dúró láàárín wọ́dà méjì, ó ti rù, ó ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ Ìkẹ́olúwa ni Àṣàkẹ́ ń wò. Ọwọ́ náà di bírò mú. Ó pẹ́ tó dì í mú. Nígbà tó yá, ó rọra gbé bírò kalẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àṣàkẹ́ mọ̀ nígbà náà.

Lóde ni lọ́yà ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àwọn adájọ́ ní kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ẹnu sájẹ́ẹ̀ntì rárá lórí ohun tí kò ṣojú rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú ìwé ìtẹ̀ka. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, kò sí ẹnìkan ṣoṣo nínú ìwé náà tó sọ ibi tí àpò ti wá. Ní ti dídákẹ́ tí Gàfárù dákẹ́, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sùn kan èèyàn ló ni ẹrù ẹ̀rí, òun ni yóò rù ú dé ilé, kò lè sọ ọ́ lé orí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọwọ́ ọ̀sán ni wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́nu géètì Àgodi. Bùbá tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ló wọ̀ jáde, ó ti tóbi jù fún un. Ó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì láti ọjọ́ Ajé ọjọ́sí. Ó wo Àṣàkẹ́ láti òkè dé ilẹ̀.

“Ta ló wà nílé ẹrù?”

“Mo tì í.”

“Àṣàkẹ́. Lọ́jọ́ ọjà?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, tí Gàfárù ti wẹ̀, tó sì ti jẹun, ó ní kí Àṣàkẹ́ sọ fún òun ohun tí àwọn adájọ́ wí, bó ṣe rí gan-an. Àṣàkẹ́ sọ ọ́ bí lọ́yà ṣe sọ ọ́.

“Wọn ò wá sọ pé n ò ṣe é?”

“Wọ́n ní ẹni tó sọ pé ẹ ṣe é kò rí yín.”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

“Ó yàtọ̀,” ni Àṣàkẹ́ wí. Ó tú etí ìró, ó gbé aṣọ búlúù lé e lọ́wọ́. “Èmi ni mo ya èyí, Bàbá Zulaihat. Ẹ foríjì mí. Ó wù mí kí n ya á ni.”

Gàfárù yí aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì, ó fi ìka tọ ibi tó ti ya lọ.

“O ya á dáadáa,” ló wí. Ó dìde, ó fi í kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Ẹlẹ́rù ò tíì wá mú tiẹ̀ pàdé rẹ̀.”

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ṣí ilé ẹrù. Ó gbá a, ó ká àkísà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ kejì tẹ̀ lé e. Àwọn ará ọjà wá kí i, wọ́n ní Alihamudulilai, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Wọ́n kí i tán, wọ́n sì gbé ẹrù wọn gba ibòmíràn lọ. Kò bá wọn wí. Àṣàkẹ́ rí i pé kì í wo ojú wọn mọ́ bó ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò.

Lọ́sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Ìyá Misbaudeen wọ́ àpò ata gbígbẹ kan kọjá títì. Òun nìkan ló ń wọ́ ọ, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Gàfárù, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Zulaihat, ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi ló burú, inú mi ò burú.”

“Ẹnu rẹ ti burú láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́,” ni Gàfárù wí. “Ara ilé la fi ọ́ ṣe nígbà náà, a sì farada á. Dìde.”

Ìyá Misbaudeen dìde, ó rẹ́rìn-ín, ó nu imú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, tó sì ń tú okùn ẹnu àpò.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀.”

“Dì í padà.”

“N ò ní dì í, sà.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì sí yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. “Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń fura sí yín. Ẹrù ara wọn ló ń ba àwọn náà lẹ́rù. Wọ́n ní bí ẹ ò bá wò ó, ẹnikẹ́ni lè gbé ohunkóhun tì í, kí ọlọ́pàá wá kó ẹrù gbogbo wa lọ. Wọ́n ń wò mí láti òdìkejì báyìí. Bí ẹ bá wò ó, wọ́n á wá. Bí ẹ ò bá wò ó, Bàbá Zulaihat, ẹ ó máa gbálẹ̀ ni.”

Ẹnu àpò ti là, òórùn ata ti ń jáde. Òótọ́ ni, àwọn obìnrin mẹ́rin-márùn-ún dúró sí òdìkejì títì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò wò wọ́n. Gàfárù fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí Oríta-mẹ́rin, ó kọ ẹ̀yìn sí àpò. Kò ní kí wọ́n wò ó. Kò sì ní kí wọ́n má wò ó.

Àṣàkẹ́ gbé okùn tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ata gbígbẹ náà rún, ó gbóná, ó sì ń wọ abẹ́ èékánná. Ó ti ọwọ́ náà lọ títí tó fi kan ìsàlẹ̀ àpò, ó gbá ìsàlẹ̀ náà kiri láti igun dé igun. Ata ni. Ata nìkan ni. Ó yọ ọwọ́, ó so ẹnu àpò padà, ó fa okùn náà le.

“Mo ti ṣe tán, Bàbá Zulaihat.”

Gàfárù yíjú padà. Ó wo ojú Ìyá Misbaudeen, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wo ojú ẹlẹ́rù láyé ìgbà kan. Ó mú aṣọ kan nílẹ̀, ó fi eyín ge etí rẹ̀, ó fà á ya. Ó so apá kan mọ́ ẹnu àpò, ó na apá kejì sí obìnrin náà.

Apá Àṣàkẹ́ ti ń jó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Omi wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ń sọdá títì pẹ̀lú àpò lórí. Ó gbọn ọwọ́ náà mọ́ ìró, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó dúró dè é.